Ilé Òkúta Mẹ́fà Lókè Oldham

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń wọ tram lọ ṣe shift ní Oldham, ojú fóònù lẹ máa ń wò, ẹ kì í gbójú sókè wo orí òkè. Mi ò bá yín wí. Ó ti rẹ̀ yín, ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ̀wé sí yín láti ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá sí kùrukùru, bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí ilé òkúta mẹ́fà tó so mọ́ ara wọn lórí òkè náà, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ilé màlúù kan sì wà níwájú díẹ̀. Abúlé ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lórúkọ gígùn nínú ìwé, ṣùgbọ́n Top ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo bí Bísí sí, ìyá Dámilọ́lá tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ariwo ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú ni, mo sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́ bọ̀, ni mo bá gbọ́ kò-kò-kò lójú títì. Mo ní ẹṣin ni. Bàbá Bísí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá sójú fèrèsé. Ènìyàn ni. Àwọn àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ òwú ni, bàtà onígi ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, irin sì wà lábẹ́ bàtà náà, òkúta ni wọ́n sì fi tẹ́ títì. Bí wọ́n bá ti kọjá tán, fèrè ilé iṣẹ́ á dún láti àfonífojì, á dún pẹ́. Ẹni tí fèrè bá bá lójú ọ̀nà, kó yáa sáré. Bàbá Bísí náà ń sáré. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìrànwú ló ń ṣe níbẹ̀, bó bá sì wọlé nírọ̀lẹ́, òwú á ti bo irun rẹ̀ funfun, á dà bí ẹni tó darúgbó láàárín ọjọ́ kan. Lónìí, bí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹyẹ lẹ ó gbọ́.

Ilé yẹn, ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ni ìdáná, àárín ni ibi oorun, òkè pátápátá sì jẹ́ yàrá gígùn kan tí fèrèsé mẹ́jọ tò lẹ́sẹẹsẹ lára ògiri rẹ̀, òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì wà láàárín fèrèsé kan sí èkejì. Mo bi àwọn aládùúgbò pé kí ni ènìyàn ń fi fèrèsé mẹ́jọ ṣe nínú yàrá kan ní ìlú tó tutù báyìí. Wọ́n ní àwọn tó kọ́ ilé náà, ahunṣọ ni wọ́n. Yàrá òkè yẹn ni wọ́n ń gbé òfì sí, torí ìmọ́lẹ̀. Wọn ò ní láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Ìyá ìyá mi hunṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde títí ọwọ́ rẹ̀ fi gan, bí àwa ọmọdé bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi." Ọjọ́ yẹn ni ara mi balẹ̀ ní Top. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá dé sí àfonífojì pẹ̀lú ẹ̀rọ, òfì òkè dákẹ́, wọ́n sọ yàrá náà di ibi àlùbọ́sà àti àga tó ti kán. Àwa la tún fi sùn.

Ní nọ́ńbà kìíní, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Edith. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Yàrá àárín nínú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ń sùn. Gbogbo ènìyàn ń pè é lórúkọ, títí kan ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹni tó ju ìyá mi lọ, kí n kàn la ẹnu kí n ní Edith? Mo ní, "Mama Edith, ẹ káàárọ̀."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ìgbà wo ni mo bí ọ?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá pè yín lásán, mi ò ní lè jẹun."

Ó ní, "Ó dáa, torí oúnjẹ rẹ." Láàárín oṣù méjì, Mama Edith ni gbogbo Top ń pè é. Títí kan Harold tó ń sin màlúù, tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Nǹkan ní ọjọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni aṣọ fífọ̀. Bí ẹ bá sá aṣọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú tí wọ́n máa fi wò yín, ẹ ó ká aṣọ yẹn wọlé pẹ̀lú omi lára rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì sì ni àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á kúnlẹ̀, á fọ òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, á wá mú òkúta rírọ̀ kan tó dà bí ọṣẹ, á fi fa ìlà funfun sí etí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra àkísà ló ń fi òkúta yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún aṣọ tó ti gbó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ó mọ́, ó sì hàn.

Ẹ wá wo àṣìṣe tí mo ṣe. Ọjọ́ Ẹtì kan, mo jí ní kùtù, mo fọ tèmi, mo fa ìlà mi. Mo wo ẹnu ọ̀nà Mama Edith, kò tíì fọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìyàwó ilé kì í gbálẹ̀ iwájú ara rẹ̀ kó fi ti àgbà sílẹ̀. Mo gbé korobá mi, mo fọ ti Mama Edith, mo fa ìlà rẹ̀ gún régé, mo wọlé lọ fún ọmọ lóúnjẹ. Mi ò mọ̀ pé ní Top, kò sí ẹni tó ń fọ àtẹ̀gùn ẹlòmíràn, àfi bí onítọ̀hún bá kú.

Nígbà tí mo padà jáde, Harold ti dúró síwájú ilé rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó fi í mọ́ àyà. Obìnrin nọ́ńbà karùn-ún gbé búrẹ́dì dání, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ti fa kọ́tìnì ilé méjì pa. Ni ìlẹ̀kùn bá ṣí. Mama Edith yọjú pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó wo gbogbo wọn.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Harold ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Mama Edith wo ilẹ̀, ó rí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń dán. Ó ní, "Èwo nínú yín ló pa mí?"

Mo nawọ́. Kí ni mo tún lè ṣe? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù yẹn. Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin nọ́ńbà karùn-ún, ó ní òun ò ní jẹ́ kó gbé e padà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé tòun ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a fọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn, òun náà á sì pariwo láti inú ilé pé, "Mo wà láàyè," kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì ni ọdún wọn tó tóbi jù. Gbogbo ọmọ á wọ aṣọ funfun tuntun, àwọn onífèrè idẹ á wá láti ìsàlẹ̀, a óò tò láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà, a óò máa kọrin sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú. Ọ̀págun ńlá kan máa ń ṣíwájú, ọkùnrin mẹ́fà ló ń di okùn rẹ̀ mú. Ọdún tí mo kọ́kọ́ pọn Bísí lọ, atẹ́gùn fẹ́ ọ̀págun yẹn, ó wọ́ Harold tó di okùn kan mú, ó gbé e jù sínú ọpọ́n òkúta gígùn tó wà létí títì, tí wọ́n fi ń fún màlúù lómi láyé àtijọ́. Orí ló kó o yọ, ọpọ́n náà gbẹ. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí omi ti wọ inú rẹ̀ mọ. Ewé gbígbẹ ló sùn lé, kò sì dákẹ́ orin.

Àmọ́ àìsàn kan ń ṣe àwọn ilé náà. Ògiri ẹ̀yìn ń làágùn. Láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kẹrin, ẹ lè fi ọwọ́ yín kọ orúkọ sára rẹ̀. Funfun ni mo kùn ún, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti dúdú. Bísí ń wúkọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Bí òkè ṣe rí nìyẹn," wọ́n á kó èédú sí iná.

Ni ọkùnrin kan bá dé láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó léyín irin méjì dání. Ó ń kì í bọ ògiri, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á fò lọ sí apá ọ̀tún pátápátá, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wọ̀. Nígbà tó jáde, ó lẹ ìwé mọ́ ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: ilé yìí kò yẹ kí ènìyàn máa gbé. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nǹkan bá rí báyìí, wọ́n á kó wa lọ sí ilé gíga ní ìlú, irú èyí tí ẹ ń rí ní Pendleton, wọ́n á sì wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Àwa tá a ṣì lọ́mọ lẹ́yìn, a ò mọ̀ bóyá ká yọ̀ tàbí ká sunkún. Ilé gíga ní ẹ̀rọ amúlégbóná àti balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo Mama Edith. Kò sunkún. Ó kó àwọn abọ́ tó fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn, ó kó wọn sínú àpótí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún tú wọn, ó gbé wọn kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wé wọn. Ó ní, "Ibi tí wọ́n bí mi sí ni màá kú sí. Ilé tó jẹ́ pé àpótí onírin ló máa gbé mi gòkè, mi ò lọ." Mo rí i pé bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, kò ní pẹ́ láyé.

Mi ò ka ìwé púpọ̀. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó dúró. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ni bàbá mi kọ́ fún wa, mo sì mọ ohun tó máa ń ṣe bí ẹsẹ̀ ògiri bá ti rin. Kì í fọwọ́ kan ògiri. Á dúró de òjò. Bí òjò bá ń rọ̀, á lọ sẹ́yìnkùlé, á máa wo ibi tí àgbàrá ń gbà.

Torí náà, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ dáadáa, mo gbé Bísí fún Mama Edith, mo mú agboòrùn, mo lọ sẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀, àfi kó lọ da eérú. Àlàfo tóóró kan ló wà láàárín ògiri àti òkè, eérú èédú àti iyẹ̀pẹ̀ sì ti kún un dé ìbàdí mi, láti nọ́ńbà kìíní dé nọ́ńbà kẹfà. Mo dúró. Omi ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè, ó ń wọ inú òkìtì eérú yẹn, kò sì jáde síbì kankan.

Mo padà wọlé. Mo ní, "Mama, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ibo ni omi ẹ̀yìn ilé yìí ń gbà lọ?"

Ó ní, "Kò sómi lẹ́yìn ilé." Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Dúró ná. A máa ń fi igi ìháṣọ ìyá mi, ìyẹn tó fi ń há aṣọ mọ́ okùn, sáré ìje níbẹ̀. Láti nọ́ńbà kẹfà bọ̀ níbí. Bí wọ́n bá ti kọjá abẹ́ títì, inú ọpọ́n la ti ń he wọ́n. Ìyá mi nà mí torí igi yẹn."

Mo ní, "Ọ̀nà omi wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ fi eérú bò ó."

Ó ní, "Kì í ṣe èmi nìkan."

Harold gbé ṣọ́bìrì wá. Kò wúlò, àyè ò sí láti jù ú. Bí ó bá ti fà á sẹ́yìn, ìgúnpá rẹ̀ á gbá ògiri. Nígbà náà ni mo rántí ọkọ́ mi. Ìyá mi ló fi irin ọkọ́ kan sínú ẹrù mi nígbà tí mo ń bọ̀, ó ní mi ò gbọdọ̀ lọ síbi tí màá ti jẹun láìmú ohun tí wọ́n fi ń roko. Bàbá Bísí fi mí ṣẹ̀sín lórí ọkọ́ yìí fún ọdún méjì. Mo mú un jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Harold ní, "Ṣé wọ́n ti ká a kò ni, àbí bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn?"

Mo ní kó lọ gbẹ́ èèkù rẹ̀ fún mi kó yé sọ̀rọ̀. Ó gbẹ́ ẹ, kúkúrú, bí mo ṣe fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n fún un. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa eérú bọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ẹni ń kọ ebè. Àwọn obìnrin yòókù ń fi korobá kó o. Bí àwọn ọkùnrin bá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ayé, òjò rọ̀, òjò dá. Mama Edith jókòó lórí àga ní igun ilé pẹ̀lú Bísí lẹ́sẹ̀, ó ń pàṣẹ fún wa. A rí ṣíbí, a rí orí ọmọláńgidi, a rí irin bàtà onígi tí kò lóǹkà. Harold rí eyín àgbékọ́, ó bi Mama Edith bóyá tirẹ̀ ni. Ó ní kó wọ̀ ọ́ wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkọ́ mi kan nǹkan, ó dún kọ́n. Mo fọwọ́ nù ún. Òkúta gbígbẹ́ ni, ó ṣe kòtò láàárín, ó jinlẹ̀ tó apá mi dé ìgúnpá, wọ́n sì gbẹ́ ẹ lọ́nà tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ò lè wọ àárín òkúta méjì. Àwọn ahunṣọ yẹn mọ iṣẹ́ ju iṣẹ́ aṣọ lọ. A tẹ̀ lé e dé igun nọ́ńbà kìíní, níbi tí òkúta ńlá kan ti já bọ́ dí ẹnu rẹ̀. Harold fi ọ̀pá irin gbé e. Omi ṣe bí ẹni pé ó ti ń retí wa. Ó bú jáde, ó kọjá lábẹ́ títì, a sì sáré lọ síwájú. Ọpọ́n òkúta ń kún. Ewé àtọdúnmọ́dún ń léfòó. Mama Edith yọ igi ìháṣọ kan nínú àpò aṣọ ìdáná rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó ní kí n lọ jù ú sínú omi ní nọ́ńbà kẹfà. Ìgbà tí mo fi máa padà dé, ó ti mú un lọ́wọ́, ó ń kán tótó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. A ṣí fèrèsé gbogbo, a dá iná sí ìdáná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo dúdú kúrò. Mo ń fọwọ́ kan ògiri bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbẹ. Bísí sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan láìwúkọ́, mo jí, mo rò pé nǹkan ti ṣe é.

Ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn padà wá lọ́jọ́ tó dá fún wa. Òjò pa á dé ibẹ̀. Ó ki eyín ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ògiri Mama Edith. Abẹ́rẹ́ ò mira. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Kò mira. Ó fi kan ẹ̀wù òjò tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, abẹ́rẹ́ fò dé òpin. Ó tún padà sí ara ògiri.

Ó ní, "Kí lẹ kùn sí i?"

Mama Edith ní, "A ò kun nǹkan kan. Lọ wo ẹ̀yìnkùlé."

Ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ́kọ́ wọ̀, bóyá ó rò pé ọ̀kan á já òun kulẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà dáadáa tó wọ̀, ó wo omi tó ń ṣàn, ó wò ó pẹ́. Ó padà wọlé, ó bi wọ́n pé ẹnjiníà wo ló wá wò ó.

Mama Edith nawọ́ sí mi. Ó ní, "Òun nìyí. Jẹ́ kó fún ọmọ lóúnjẹ tán kó o tó bi í ní nǹkan."

Ó bi mí. Mo sọ fún un bí mo ṣe sọ fún yín yìí, nípa bàbá mi àti ilé amọ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá jáde lọ yọ ìwé tó lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ lágbára gan-an, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ló fi ń ha á, ìlẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn, nínú òjò. Gbogbo wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, à ń wò ó. Kò sẹ́ni tó bá a dá sí i. Lọ́jọ́ yẹn, Mama Edith tú àwọn abọ́ rẹ̀, ó gbé wọn kọ́, ó sì fún Harold ní àpótí náà pé kó fi dáná.

Ọdún mẹ́fà ló tún lò lẹ́yìn ìyẹn. Inú yàrá tí wọ́n bí i sí ló kú sí, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ògiri ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì gbẹ bí ọ̀dá. Èmi ni mo fọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì kan ìlẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni fèrè ilé iṣẹ́ òwú dákẹ́. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n ta ẹ̀rọ rẹ̀, a kó lọ sí Manchester láti wá iṣẹ́ ní ọsibítù. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn ti di ilé ẹnì kan, tábìlì ìjẹun wà níbi tí pẹpẹ wà. Kò sẹ́ni tó ń fa ìlà sẹ́nu ọ̀nà mọ́, kò sẹ́ni tó ń wo ọjọ́ kó tó sá aṣọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkè tí àwọn ahunṣọ ti ń hunṣọ. Wọ́n ṣì nílò fèrèsé mẹ́jọ yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, Dámilọ́lá fi mọ́tò gbé mi lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé nọ́ńbà kẹrin, ilé wa tẹ́lẹ̀, pè wá wọlé, ó po tíì fún wa. Inú ń bí i. Fèrèsé kan ṣoṣo ló fẹ́ pààrọ̀, ó fẹ́ fi oníke sí i kí atẹ́gùn má baà wọlé. Ó ní ó lé lọ́dún kan tó ti ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé, pé wọ́n rán ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá, ó fi okùn wọn gbogbo ara ilé náà, ó ya fọ́tò ọ̀nà omi ẹ̀yìnkùlé, ó wá ní rárá. Wọ́n ní ilé yìí ṣe pàtàkì sí ìlú, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ yọ òkúta kan ṣoṣo kúrò lára rẹ̀.

Mo ní, "Ọ́fíìsì yẹn náà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Ọ́fíìsì yẹn náà ni, mà."

Mo kí i pé ó kú sùúrù. Mo na ife mi sí i, mo ní kó bù sí i fún mi.